Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Kẹsàn-án

Kí Adébímpé tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé, ó di ọwọ́ Bùsírátù mú lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Mọ́ṣúdù, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé yìí títí màá fi dé. Ẹ má gbálẹ̀ ibẹ̀ pàápàá.”

Bùsírátù yọjú wo inú yàrá. Lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tó yẹ kí èèyàn sùn sí, ẹ̀rọ kan là kalẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ti yọ ìfun rẹ̀: wáyà pupa, wáyà dúdú, ìkarahun rédíò àtijọ́, bátìrì mélòó kan tí wọ́n fi rọ́bà dè pọ̀.

“Kí là ń pe eléyìí?”

“Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn láti ibì kan dé ibòmíràn ni mà. Ìkejì rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Mi ò tíì fi òjé yíyọ́ jó àwọn wáyà yẹn mọ́ra. Bí ẹnìkan bá gbé e sókè, ó tú nìyẹn, ọ̀sán yìí sì ni mo fẹ́ fi han gbogbo èèyàn. Ọdún tó kọjá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Papalanto, nínú yàrá tí bàbá mi ń kó àgbàdo sí.”

“Máa lọ, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa wọlé.”

Bí ọmọbìnrin náà ti lọ tán ni Bùsírátù ti ilẹ̀kùn pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìbàdí padà. Òun ni olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì Adígbẹ yìí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀ wà ní kàǹtà, ṣùgbọ́n ti òkè, òun ló ń so wọ́n mọ́ ara. Nígbà tí ọ̀ọ̀dẹ̀ bá dákẹ́, ó máa ń wo àwọn ilẹ̀kùn tó tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń wo àwọn ìlú kéékèèké, tí kálukú ní ọba tirẹ̀. Nínú agbo ilé wọn ní Kémta, kò sí ọkùnrin tó ń ká aṣọ ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ kan láìṣàgò. Baba baba rẹ̀ tó kọ́ ilé náà ń ṣàgò. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, á yíjú padà, kódà bó jẹ́ fìlà rẹ̀ ló gbàgbé síbẹ̀.

Lọ́dún yẹn, ìjọba ológun ń fi ojú ọ̀daràn wo èèyàn mẹ́ta tó bá dúró pọ̀. Àwọn àlejò tó wá ṣe ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì náà sì lé lọ́gbọ̀n. Ìbàdàn, Èkó àti Òdẹ̀dá ni wọ́n ti wá, àwọn tó ń tú rédíò àti tẹlifóònù palẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkan nínú wọn tiẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà tó ń fi tẹlifíṣọ̀n ṣe ojú wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, tẹlifóònù orí kàǹtà kú. Bí òjò bá ti rọ̀ ló máa ń kú, òjò sì rọ̀ mọ́jú, ṣùgbọ́n máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún, ò wo ti òjò; àwọn àlejò ló fura sí.

Ó gòkè dé, Láwàlì gáàdì ń tẹ̀ lé e.

“Ìyá Mọ́ṣúdù, ẹ ṣí yàrá kẹsàn-án fún wa.”

“Àlejò ò sí níbẹ̀, ọ̀gá.”

“Ìdí tí mo fi fẹ́ wọ̀ ọ́ nìyẹn. Gbogbo yàrá la máa tú lónìí. A ti ṣe ti ìsàlẹ̀.”

Bùsírátù mọ̀. Ó ti rí ọ̀kan nínú wọn: àpótí tó la ẹnu sílẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin lórí àga, tẹ̀súbáà ẹnìkan nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti ṣa tẹ̀súbáà náà, ó nù ún, ó gbé e sórí tábìlì.

Láwàlì ní, “Wọ́n ní wọ́n lè fi wáyà fa ọ̀rọ̀ èèyàn jáde nínú tẹlifóònù. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí mò ń bá ìyàwó mi sọ.”

“Ìgbà wo lo ra tẹlifóònù?” ni Bùsírátù bi í.

“Mò ń sọ ti ọjọ́ iwájú ni.”

“Kọ́kọ́rọ́ dà?” ni máníjà wí.

“Ẹ jẹ́ kí Láwàlì lọ pè é, ọ̀gá. Kó wá dúró tì yín.”

“Iṣẹ́ ta lò ń ṣe níbí, Bùsírátù?”

Máníjà ti fi “ẹ” sílẹ̀. Kò fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é mọ́.

“Iṣẹ́ yín ni, sà. Ṣùgbọ́n ó ti sanwó yàrá. Títí di ọ̀la, ilé rẹ̀ nìyí.”

“Kọ́kọ́rọ́, àbí kí o má wulẹ̀ wá síṣẹ́ mọ́.”

Bùsírátù rántí Mọ́ṣúdù nínú aṣọ ilé-ìwé girama rẹ̀ tó ti ń kéré. Lẹ́yìn náà ó rántí àwọn wáyà tí wọn ò tíì jó mọ́ra. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

“Màá ṣàgò ná. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ wọlé. Bí wọn ò bá dáhùn, a padà nìyẹn.”

Máníjà rẹ́rìn-ín. “Ta ló fẹ́ dáhùn nínú yàrá òfìfo? Ó dáa, pè é, ká lè ráyè ṣiṣẹ́.”

Bùsírátù kọjú sí ilẹ̀kùn. “Àgò o.”

Kò sí ohùn kankan.

“Àgò onílé o.”

Máníjà na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Bùsírátù sún ìbàdí kúrò níbẹ̀, ó fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ pe ìkẹta bí ìgbà tó ń pe ará àdúgbò kejì. “Àgò o!”

Nǹkan kan hó ṣàáà nínú yàrá. Ohùn kan tẹ̀ lé e, ó tínrín. “Ta nìyẹn?”

Láwàlì fò sẹ́yìn. “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kò séèyàn ńbẹ̀ o.”

Bùsírátù dá ohùn Adébímpé mọ̀. “Èmi Ìyá Mọ́ṣúdù ni. Ọ̀gá fẹ́ wọlé. Ṣé àgò yà?”

“Kò tíì yà mà. Mò ń bọ̀.”

Kò pẹ́ tí bàtà fi ń ró lórí àtẹ̀gùn. Adébímpé dé, ìkejì ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Ìwọ lò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹlifóònù wa?”

“Ẹnu ọ̀nà tèmi ni mò ń gbọ́, sà. Mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní títàn ni.” Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bùsírátù, ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. “Àgò ti yà. Gbogbo ibi tó bá wù yín ni kí ẹ wò níṣojú mi. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan orí bẹ́ẹ̀dì.”

Wọ́n wò ó. Gààrí, ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ méjì. Láwàlì yọ orí kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú eruku nírun.

“Wọn ò gbálẹ̀ ibí yìí.”

“Wọ́n ní kí n má gbá a,” ni Bùsírátù wí.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹwàá. Ó wo kọ́kọ́rọ́ ìbàdí Bùsírátù, ó wo ilẹ̀kùn.

“Ìyá Mọ́ṣúdù, ẹ pè é.”

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé, ọ̀gá.”

Ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó wúkọ́. “Àgò,” ló wí, bí ẹni tí oúnjẹ há sí lọ́fun.

“Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́,” ni ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti inú yàrá. “Mò ń wá ṣòkòtò mi ni.”

Máníjà sì dúró. Láwàlì dúró. Bùsírátù mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọ̀ọ̀dẹ̀.