Níbo Ni Ká Kó Àwọn Ọkọ́ Wọ̀nyí Sí?

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, ẹ rọra sún mọ́ mi. Mo ní ìtàn kan fún yín. Kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti iwin. Ti ọkọ́, àdá àti ìyàwó kan tí inú ń bí ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín.

Obìnrin náà ń jẹ́ Nimotalahi. Wágà, ìlú ńlá àwọn Mossi níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Mossi ni ìyá rẹ̀. Ó ń gbin òdòdó àti igi eléso kéékèèké tà lẹ́bàá títì ní Zone du Bois, níbi tí àwọn onílé ńlá ti ń dá mọ́tò dúró láti ra èyí tó bá wù wọ́n. Kàdírì ọkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta ẹ̀yà ara moto, ìyẹn alùpùpù, ní ọjà Sankaryaré. Yàrá kan ni àwọn méjèèjì ń gbé ní Patte d'Oie. Bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó wọn gba ìdajì yàrá náà. Ìdajì tó kù ni wọ́n fi ń ṣe ayé.

Tẹ́lẹ̀, Christian, ọlọ́dẹ ilé ńlá kan ní Zone du Bois, ló ń bá Nimotalahi tọ́jú irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà gba ọ̀gá tuntun, ọ̀gá tuntun sì ní òun ò fẹ́ rí pàǹtírí. Ni gbogbo ẹrù bá dé Patte d'Oie: àwọn ọkọ́, ṣọ́bìrì, réékì ọlọ́wọ́ gígùn, àdá, àwọn agolo ìbomirin, àti rọ́bà tó ká jọ bí ejò tó yó. Kò sì ṣeé fi síta. Ohun tó bá sùn síta ní àgbàlá yẹn, ilé ẹlòmíràn ló ń jí sí.

Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, à bá ní kò burú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Màmá Àríkẹ́, ìyá Kàdírì, ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò sì tíì rí ìyàwó yìí rí àfi nínú fóònù. Súbérù, ẹ̀gbọ́n Kàdírì, ní ilé oníyàrá mẹ́ta nítòsí ọjà. Bàlíkíìsì ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ wá láti ilé, ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé, "Ẹ jẹ́ kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi tààrà. Ọmọ Wágà yẹn, ibo ló fẹ́ tẹ́ wọn sí? Orí ṣọ́bìrì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn há Nimotalahi lọ́fun bí egungun ẹja. Ó búra pé alẹ́ àkọ́kọ́ tí Màmá máa sùn ní Wágà, yàrá òun ni.

Ìṣó ló fi bẹ̀rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí onílé fi amọ̀ mọ, tó wá fi sìmẹ́ǹtì tan èèyàn jẹ, ìṣó ló ń dúró dè. Ìṣó wọlé bí ìka tó wọ inú ẹ̀kọ. Ó gbé ṣọ́bìrì kọ́ ọ. Ṣọ́bìrì, ìṣó, àti ègé ògiri tó tó àwo ọbẹ̀ jọ wá sílẹ̀ pọ̀.

Agathe, ọmọ Nàgó láti Pobè tó ń gbé yàrá kejì, pariwo láti ẹ̀yìn ògiri:

"Voisine, aládùúgbò mi! Ṣé ó ti sú ọ láti máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé sọ́dọ̀ mi ni? Mo ń wo ojú ẹ látinú ihò o! Erùpẹ̀ ti wọ ọbẹ̀ mi!"

"Pardon, Agathe. Ìyá ọkọ mi ló ń bọ̀."

"Ṣé kí wọ́n wá bá òkìtì àlàpà ni?"

Nimotalahi kó gbogbo rẹ̀ tì sí igun. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, réékì á wó lu ẹni tó ń wọlé. Kàdírì gba tirẹ̀ níwájú orí. Nimotalahi kó wọn sínú àpò ìrẹsì. Àdá la àpò. Ó to agolo léra. Agolo yí lulẹ̀, omi tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ rin ẹní. Ó wá di pé ó ń bá irinṣẹ́ wíjọ́.

"Ìwọ réékì yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣé o ò lè jókòó bí ọmọlúàbí ni?"

Kàdírì ń fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Gbọ́ mi, Nimota. Bẹ́ẹ̀dì yìí ni ká gbé ga. Ká kó gbogbo wọn sábẹ́ rẹ̀."

"D'accord, ó dáa," ni Nimotalahi wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n to bíríkì sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbé ọkọ́ mì, ó gbé agolo mì, ó gbé rọ́bà mì. Nígbà tí Kàdírì gùn ún wò, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Nimotalahi mí kanlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì dé, ó kúnlẹ̀ sínú eruku ẹ̀bá títì níwájú Màmá Àríkẹ́.

"Dìde, ọmọ mi. Ojú ẹ dára ju ti inú fóònù lọ."

Wọ́n délé. Màmá wo bẹ́ẹ̀dì lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀. Wọ́n gbé orúnkún kan, orúnkún dún.

"Kàdírì, bẹ́ẹ̀dì lèyí àbí àká? Ṣé àgbàdo ni mí?"

"Ẹ jẹ́ ká tì yín gòkè, Màmá."

"Kí ẹ tì mí? Ṣé mọ́tò tí kò gbiná mọ́ ni mí?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n rí eyín réékì. "Bí ẹ bá sì tẹ́ mi sílẹ̀, èmi àti ẹni tó ń yọ eyín yìí la ó jọ máa wo ara wa. Kò sí ìjà, ọmọ mi. Ẹ pe Súbérù kó wá gbé mi. Bó bá dọ̀la, mo ń bọ̀ wá kí yín."

Kàdírì ti ń tẹ fóònù.

Wọ́n ní ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tó sọ ọ́ kò sí ní Patte d'Oie lọ́jọ́ náà. Nimotalahi já fóònù gbà, ó jù ú sórí àpò Màmá. Ó fa mátíràsì, ó bì í ṣubú. Ó wọ́ gbogbo irinṣẹ́ jáde. Ó ki egungun bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀, ó gbé e nàró ti ògiri. Bíríkì fọ́n ká.

"Bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó wa!" Kàdírì ké.

"Voisine, ògiri o!" Agathe náà ké.

"Kí ẹnikẹ́ni má pè mí!"

Omijé ti bò ó lójú. Ọkọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ sọ síta. Kó lè ráyè nu ojú, ó fi ọkọ́ náà kọ́ pákó ìdábùú bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ́ dúró. Ọrùn rẹ̀ tó tẹ̀ ló fi gbá pákó mú, bó ṣe ń gbá èjìká àgbẹ̀ mú lọ́nà oko.

Nimotalahi mú ọkọ́ kejì, ó kọ́ ọ. Réékì fi eyín kọ́. Agolo fi ọwọ́ kọ́. Ó ti àdá àti ṣọ́bìrì bọ àárín pákó, ó ká rọ́bà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì ti gbà tẹ́lẹ̀ ló tẹ́ mátíràsì sí, ẹní sì tún rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màmá Àríkẹ́ jókòó sórí mátíràsì láìdi ẹnikẹ́ni mú, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

"Ààyè kì í há adìyẹ kó má dé ìdí àba rẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n tú ẹrù wọn, wọ́n fa nǹkan yọ nínú aṣọ: ọkọ́ tuntun tó ti ní ẹ̀rúkọ́. "Alágbẹ̀dẹ wa ló rọ ọ́. Wọ́n ní àgbẹ̀ ni ọ́."

Nimotalahi wo ọkọ́ náà. Ó fẹ́ sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ́ mìíràn!

Fóònù ń pariwo lórí àpò. "Allô? Allô? Ṣé kí n máa bọ̀ ni?" Súbérù ni.

Màmá gbé e sétí. "Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Sọ fún Bàlíkíìsì pé mo ti sùn."

Oòrùn ò tíì wọ̀.

Kàdírì gbá àyà. "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ pé bẹ́ẹ̀dì ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí!"

Ìrọ̀rí tí Nimotalahi sọ lù ú, iwájú orí yẹn náà ló bà.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí. Agathe ọmọ Pobè ló sọ ọ́ fún mi, ó sì búra pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ níbẹ̀, nítorí ihò ìṣó yẹn ṣì wà lára ògiri, etí rẹ̀ ò sì jìnnà sí i.