Orí Òpó Mẹ́jọ

Àgógó ẹyẹ náà ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ìyá Ìbejì fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti ìdí dé ṣónṣó, ó kan ibi tí igi ti yí padà díẹ̀, níbi tí àwọ̀ rẹ̀ ti mọ́ ju ti ara tó kù lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Igi ọsàn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, òun ló fá a, òun ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ẹyẹ náà ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tó sì fi okùn dè é fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Orí òpó náà jókòó sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn gbàǹjo, wọ́n ti so nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì mọ́ ọn lára. Igi líle ni, kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Agbẹ́gilére àtijọ́ kan ti gbẹ́ ewé yí i po, ipele lórí ipele, bí ewé ṣe máa ń ṣí lẹ́yìn òjò. Láàrin ewé ni ẹyẹ kékeré kan ti ń ṣá èso jẹ. Nígbà kan rí, òun ló wà láàrin òpó àti àjà ilé ńlá kan. Báyìí, ó wà láàrin fèrèsé tí kò ní ilé, ilẹ̀kùn tí kò ní ògiri, àti àkàsọ̀ tí kò lọ síbì kankan.

"Ìyá Olórí-Òpó! Ẹ ti tún rí ọmọ tuntun gbà tọ́ nìyẹn?"

Ọkùnrin tó ń ta fèrèsé àlòkù ló ń bá a ṣeré bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń kọjá lọ. Ó rẹ́rìn-ín fún un. Ẹ̀rín náà ò kọjá eyín.

Àga tó ti bàjẹ́ ni Ìyá Ìbejì ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n orí òpó ni ìfẹ́ inú rẹ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń wó ilé àtijọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á débẹ̀ kí òòlù tó débẹ̀. Ogún ọdún ló fi kó mẹ́jọ jọ. Ó fi kúbùsù wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì ń retí ọjọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ yóò kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú ilé, òpó mẹ́jọ, kí àwọn méjèèjì máa jókòó síbẹ̀ dàgbà. Bírìkìlà ni ọkọ rẹ̀ kí ẹ̀yìn dídùn tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló ya àwòrán ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ògbólógbòó kan.

Gbọ̀ngàn yìí kì í ṣe ibi tó máa ń ná. Òdìkejì ìlú ló wà. Oníbàárà rẹ̀ kan ló sọ fún un pé férémù ilẹ̀kùn kan tó dára wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wọkọ̀ wá láàárọ̀ yẹn.

Olè ni. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tù ú nínú, nítorí àlejò ni olè. A lè ṣépè fún un, kí a sì sùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó já àgádágodo yàrá ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú àpamọ́wọ́ tó gbé há abíyá yìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó lé òwe náà kúrò lọ́kàn bí ẹni ń lé adìyẹ kúrò lórí àgbàdo, òwe náà sì ń padà wá.

Ó lọ bá ọmọbìnrin akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì.

"Ọmọ mi, ta ló gbé nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì wá?"

"Ẹ má bínú, Mà, a kì í dárúkọ ẹni tó lọjà." Ó na ìwé kan sí i. "Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ wà níbí. Ó dùn púpọ̀."

Ìyá Ìbejì kà á lórí ìdúró. Wọ́n ní ọjà náà wá láti inú àkójọ bírìkìlà àgbà kan, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ nínú ilé tó ń jóná, tó sì fi igi ọsàn tún àgógó ẹyẹ náà ṣe.

Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló fa apá bùbá rẹ̀ wálẹ̀ bo ọrùn ọwọ́ òsì, níbi tí awọ ti ràn jọ tó sì ń dán láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ilé yẹn ń jó, òdìkejì títì ni ọkọ rẹ̀ dúró sí, tó gbá àpamọ́wọ́ Ìyá Ìbejì mọ́ àyà, tó ń pariwo pé, "Igi lásán ni! Jáde síta!"

Ó lè kígbe. Ó lè sọ fún wọn pé ẹrù olè ni wọ́n fẹ́ tà, kí wọ́n dá gbogbo gbàǹjo dúró. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé ta ni olè náà, ojú gbogbo ènìyàn ni yóò sì ti dáhùn. Ó wá àga kan lẹ́yìn, ó jókòó.

Wọ́n ta férémù ilẹ̀kùn tó tìtorí rẹ̀ wá. Kò gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é.

Nígbà tó kan nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì, onígbàǹjo, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni ń bẹ ọlọ́jà, gbé orí òpó náà sókè fún gbogbo wọn.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́! Ẹ̀yin ará mi, Bàbá tó ni ín jókòó níwájú mi lọ́jọ́ tó gbé e wá, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí òrùlé ń já bọ́, òun fẹ́ sá, àfi bí òun ṣe gbọ́ tí ẹyẹ yìí ké. Ẹyẹ igi o! Ó ní ó ké lẹ́ẹ̀kan péré, òun sì padà."

Àwọn ènìyàn mi orí. Obìnrin kan fọwọ́ lé àyà.

Yàtọ̀ sí Ìyá Ìbejì, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa igbe yẹn. Ó ti tì í lójú láti sọ ọ́ fún ẹlòmíì, kí wọ́n má baà ní èéfín ti yí i lórí. Lórí ibùsùn ló ti sọ ọ́, tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́, lẹ́tí ọkọ rẹ̀ nìkan, ọkọ rẹ̀ ò sì rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó kàn ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́."

Ọkùnrin kan tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì nawọ́. Ìyá Ìbejì náà nawọ́. Ọkùnrin náà fi kún un, òun náà fi kún un. Ó ń nawọ́ bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn, kò wo ẹ̀gbẹ́ kan, títí ọkùnrin náà fi mi orí tó sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Òòlù dún. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Màmá, ẹ kú oríire!" ni onígbàǹjo wí. "Inú Bàbá á dùn bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ ẹni tó mọyì rẹ̀ ló bọ́ sí. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ."

"Ṣé wọ́n máa ń wá déédéé?"

"Áà, ọ̀gá wa ni wọ́n! Ẹ̀ẹ̀karùn-ún wọn rèé láàrin ọdún mẹ́ta."

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dání jáde, pẹ̀lú orí òpó.

Awakọ̀ tó gbé e padà sílé fi bẹ́líìtì de orí òpó náà mọ́ àga iwájú bí èrò. Ó ní ọlọ́pàá kì í gbọ́ ẹjọ́, wọn kì í mọ ènìyàn yàtọ̀ sí igi. Ọjọ́ mìíràn, Ìyá Ìbejì ì bá bá a tàkúrọ̀sọ dé ilé.

Ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó bọ́ gèlè, ó gba ẹ̀yìn lọ ṣí àgádágodo. Ìdì mẹ́jọ. Wọ́n pé. Ó fọwọ́ lé èyí tó yẹ kó jẹ́ ti ẹyẹ, bó ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tó bá wá mú nǹkan nínú yàrá náà, láti òkè kúbùsù. Ewé wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ewé náà lára. Fún ìṣẹ́jú kan, ó rò pé orí òun ló ti dàrú, pé ẹyẹ méjì ló wà láyé.

Ó tú okùn. Sìmẹ́ńtì ni.

Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù lásán tí ènìyàn jù sínú aṣọ. Wọ́n mọ ọ́n ni. Ó ga bí tòótọ́, ó wúwo bí tòótọ́. Ẹni tó mọ ọ́n ti fi ṣíbí tàbí ọ̀bẹ fa etí ewé sí i yí ká, ó fi omi dán an kó má baà fa kúbùsù ya, ó sì yọ ẹyẹ kékeré kan síta níbi tí ẹyẹ yẹ kó wà. Ẹyẹ náà ò lójú. Ta ni yóò fi ọwọ́ wá ojú láti òkè aṣọ?

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi. Sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì. Igi. Èyí tó rà nígbà tí wọ́n wó ilé ẹjọ́ àtijọ́, tó wọ ọkọ̀ mẹ́ta kó tó gbé e délé, sìmẹ́ńtì. Nígbà tó parí, igi jẹ́ mẹ́ta, ayédèrú jẹ́ márùn-ún, kúbùsù sì bo gbogbo ilẹ̀ bí ilé tí wọ́n ń kó kúrò nínú rẹ̀. Kò sunkún. Ó gbé ayédèrú ẹyẹ náà wọlé, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì dúró dè é.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí Bàbá Ìbejì wọlé, ìwé ìròyìn há abẹ́ apá rẹ̀. Ó rí ohun tó wà lórí tábìlì. Ó ṣí fìlà.

"Níbo lo ti rí i?"

"Níbi tí o gbé e sí."

Ó jókòó, díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. "Mélòó lo ti tú?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ìyá Ìbejì ló tún sọ̀rọ̀. "Ṣé o nílò owó ni? Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Kì í ṣe owó. Owó náà wà níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án." Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lórí orúnkún. "Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kàn fẹ́ mọ iye tó lè tó ni. Wọ́n gbé àga fún mi. Wọ́n bi mí bí mo ṣe rí i, ó sì kàn jáde lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ mi. Ìyá Ìbejì, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́lé fún àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń bi mí ni ìgbà wo ni yóò parí."

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Òótọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ látàárọ̀ nìyẹn, ó sì wọ̀ ọ́ lára débi pé ó bojú wo àwọn ọwọ́ tó wà lórí fìlà náà, bí wọ́n ti le, bí ẹfun sìmẹ́ńtì ṣe wọ inú èékánná tí kò sì jáde mọ́. Àánú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é.

Bóyá ọkọ rẹ̀ rí i lójú rẹ̀, nítorí ó gbójú sókè. "Àti pé o ti gbàgbé wọn. Ṣé o máa ń ṣí wọn wò ni? O ń rà, o ń dì, ó parí. Mo rò pé ohun tí èèyàn ò wò, kò lè wá a."

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ayédèrú náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòótọ́, ẹyẹ tó lójú àti ẹyẹ tí kò lójú. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé etí ewé sìmẹ́ńtì náà.

"Bí o bá rò pé mo ti gbàgbé wọn," ló wí, "ta lo ṣe èyí fún?"

Ọkọ rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tí nǹkan jó.

Nígbà tó yá, Bàbá Ìbejì dìde, ó lọ sí ilé ìdáná. Ìyá Ìbejì gbọ́ tí ó ń tan iná, ó gbọ́ tí omi ń hó. Ó padà wá pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì kan, ó ti po mílíìkì sí i bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ka iwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ gbé e síbẹ̀."

Ọkùnrin náà dúró gbagidi, bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ìyá Ìbejì náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò gbèrò rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti pàdé ara wọn, òun ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ọkọ rẹ̀ ń po yẹ̀pẹ̀, "ìwọ" ni wọ́n sì ń pe ara wọn láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di ìyàwó, ìyá ọkọ rẹ̀ bá a wí títí, ó ní ìyàwó tó gbọ́n kì í pe ọkọ ní "ìwọ". Ó gbìyànjú nígbà náà, ẹ̀rín ló ń pa àwọn méjèèjì, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. "Ẹ" jẹ́ ti oníbàárà. "Ẹ" jẹ́ ti awakọ̀, ti onígbàǹjo, ti ẹni tí a bá pàdé lójú títì tí a ò mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Tíì náà ń rú èéfín láàrin wọn. Ìyá Ìbejì la ẹnu láti ṣàtúnṣe, kí ó pè é bó ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ kékeré náà lẹ́nu rẹ̀. Kò rí i.