Ẹni Tí A Kò Dìde Fún

Nígbà tí ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì wọ ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó omi ìlú, gbogbo akọ̀wé ló fò dìde. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò tilẹ̀ bi í pé ta ló wá rí. Ta ní í bi baálé bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀?

Obìnrin tó wà lórí àga rẹ̀ àtijọ́ nìkan ni kò dìde.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá ni obìnrin náà ń pe ọ̀gá yìí, torí òun ló dúró tì í nígbà tí bàbá tó bí i kú. Òun náà ló kọ́ ọ pé: "Bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún iléeṣẹ́ bá wọlé, má dìde. Ẹni tó bá dìde ti gbà fún un dé ìdajì."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Màmá ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Wọ́n ṣì ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí kíndìnrín rẹ̀. Àga yìí ṣì ń ké? Mo ti rò pé èmi ni mo sanra jù."

"Ó ń ké, Bàbá. Ẹ ò jẹ̀bi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Bàbá wá sọ ohun tó bá wá: iléeṣẹ́ aláró kan ń fẹ́ àṣẹ láti da omi ìdọ̀tí wọn sínú odò tí ìlú ń mu.

"Bàbá, òfin ní kí ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì má padà wá bẹ̀bẹ̀ fún iléeṣẹ́ kankan níbí kó tó pé ọdún méjì. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Ara ìyàwó mi le nígbà tí mo kọ ọ́. Àwọn aláró ló ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀ báyìí, ọmọ mi."

Obìnrin náà ké pe Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Bó bá dìde, ẹsẹ̀ ọmọ ni yóò fi dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá ni yóò fi buwọ́ lùwé.

Ó jókòó síbẹ̀.

Bàbá wò ó títí. "O ò dìde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo mà kọ́ ọ dáadáa o." Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin náà lọ sílé Bàbá. Ẹ̀rù ń bà á láti kanlẹ̀kùn. Bí Bàbá ti rí i, ó di apá àga mú, ó rọra dìde.

"Ilé nìyí," ó wí. "Níbí, mo lè dìde fún ọmọ mi. Mo ti sọ fún àwọn aláró pé n kò bá wọn bẹ̀bẹ̀ mọ́."

Nínú yàrá, Màmá na ọwọ́ sí i láti orí ibùsùn. "Ọkọ̀ àwọn aláró tó ń gbé mi lọ fọ ẹ̀jẹ̀ máa tètè dé lọ́la, àbí?"

Bàbá yíjú sí ògiri.

"Èmi ni mo máa wá gbé yín, Màmá," obìnrin náà dáhùn. Ó mọ̀ pé owó oṣù òun kò lè gbé ìtọ́jú náà jìnnà.

"Olúwa á bù kún ọ." Màmá bẹ̀rẹ̀ orin ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbè é, ṣùgbọ́n kò yíjú kúrò lára ògiri.