Irin Keje Tó Wúwo Ju Ìkẹjọ Lọ

Bọ́ọ̀lù náà tún já sí ìdí igi àgbọn, níbi tí bọ́ọ̀lù irin kẹjọ ti máa ń já sí. Moyọ̀sọ́lá wo irin keje tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó purọ́ mọ́ ọn.

"Bàbá mi, irin yìí ń fà mí lọ́wọ́."

Sagbo, bàbá rẹ̀, ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù já sí. Iṣẹ́ Sagbo ni kó máa to ọ̀pá gọ́ọ̀fù pọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù rẹ̀ ní Imeke, òun ló sì to gbogbo irin tó wà nínú báàgì ọmọ náà. Ní àárọ̀ ọ̀la, ní pápá ńlá kan ní Èkó, wọn yóò fi ìdánwò yan àwọn obìnrin tí wọ́n máa gbà sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Lésìí, irin àyálò ni Moyọ̀sọ́lá fi gbá a, díẹ̀ báyìí ló kù kó wọlé. Ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ máa dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ẹni tí kò bá mọ̀dí irin gọ́ọ̀fù á rò pé irin ni irin ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ìkarùn-ún ló gùn jù, orí rẹ̀ ló sì fúyẹ́ jù. Ìkẹfà kúrú díẹ̀ sí i, orí rẹ̀ sì wúwo díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìkẹsàn-án. Ojú wọn náà ń dà sẹ́yìn sí i ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí bọ́ọ̀lù lè máa ga sí i, kó sì máa já nítòsí sí i. Bí ọ̀kan bá kúrò nínú ìtò yìí, ọwọ́ ẹni tó ń gbá a kò ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́ mọ́.

Ilé iṣẹ́ tó rọ irin lè kọ ohun tó bá wù ú sára páálí. Sagbo kì í gba ọ̀rọ̀ páálí gbọ́. Ọjọ́ tí àwọn orí irin yìí dé láti Kútọnu ló ti wọn gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú wọn, ó tẹ àwọn tó wọ́ padà sípò. Àwọn kan fúyẹ́ ju ohun tí páálí sọ, ó sì sọ pé kí wọ́n da ìyẹ̀fun irin wúwo sí ẹnu ọ̀pá wọn kí wọ́n fi pé. Kí ló wá dé?

"Kó wọn wá."

Ó gbé wọn lé òṣùwọ̀n gígùn tó fi ń wo ibi tí ìwúwo wà. Ìkẹfà dúró jẹ́ẹ́. Ìkẹjọ dúró jẹ́ẹ́. Ìkarùn-ún tẹ̀ sílẹ̀, ìkẹsàn-án tẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó kan ìkeje, orí rẹ̀ já wálẹ̀ gbà!

Sagbo fọwọ́ kan ibi tí orí irin ti pàdé ọ̀pá. Iná gáàsì nìkan ló lè tú gúlúù tó di orí irin mọ́ ọ̀pá, bí wọ́n bá sì tún un lẹ̀, ó di ọ̀la kó tó gbẹ. Ó fa fóònù yọ, ó pe Akíndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a kó ọjà náà wá, tó sì ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé ọmọ náà.

"Akíndé, ayédèrú lo gbé fún mi!"

"Ta ló gbé ayédèrú? Sagbo, ṣé orí ẹ pé?"

"Orí tèmi pé. Orí irin ẹ ni kò pé!"

Ohùn Akíndé tutù lójijì. "Mo jókòó sínú oòrùn ní Sẹ̀mẹ̀ títí àwọn aṣọ́bodè fi tú páálí ẹ wò tán. Èmi lo wá ń pè ní olè. Ó dáa. Wá ọkọ̀ mìíràn tó máa gbé ọmọ ẹ lọ sí Èkó."

Ó pa fóònù. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó sì ti fọ́. Moyọ̀sọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí iyanrìn.

"Kí lẹ̀ ń pariwo fún?" Màmá Ganiyat ló sọ̀rọ̀, ìyá ìyàwó Sagbo, tó ń họ ìpẹ́ ẹja lábẹ́ òjìji. "Ìka ọwọ́ pàápàá ò dọ́gba, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti irin."

"Màmá, kì í ṣe ìka nìyí o," Moyọ̀sọ́lá ní.

Sagbo tún wo àwọn irin náà. Ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án. Áà! Àwọn mẹ́ta tó fúyẹ́ nígbà tí wọ́n dé gan-an nìyí, ìkeje ló sì fúyẹ́ jù nínú wọn. Báwo ni afúyẹ́ ṣe di awúwo jù? Ọkàn rẹ̀ lọ sórí ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ tí wọ́n da ìyẹ̀fun, òun wà ní Gbaji, níbi tó ti lọ gba rọ́bà ìdìmú. Màmá ló bá òun wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà omidan ni Màmá ti ń ta tìróò, láti Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́, kò sì sí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ balẹ̀ tó tirẹ̀ nídìí ìyẹ̀fun.

Báwo lèèyàn ṣe ń bi àna rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí? Sagbo lóṣòó níwájú Màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹ̀fun ọjọ́sí, báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n?"

"Bó o ṣe ní kí n ṣe é náà ni. Mo wo nọ́ńbà tó ń tàn lára òṣùwọ̀n, ó pé géérégé. Mo wá fi èènì sí i."

"Ẹ fi kí ni sí i?"

"Èènì! Ṣé kí n wọn nǹkan fún ọmọ ọmọ mi kí n wá ṣahun ni? Èyí tó gba díẹ̀, mo fún un ní díẹ̀. Ìkeje yẹn, oníbàárà ńlá ni, mo bu èènì gidi fún un."

"Ìkẹfà àti ìkẹjọ ńkọ́?"

"Àwọn yẹn ò gba ìyẹ̀fun kankan. Ta ló ń fún ẹni tí kò rajà ní èènì?"

"Mawu, Ọlọ́run mi o!" Sagbo di orí mú. Moyọ̀sọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni.

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹja. "Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

Sagbo gbé ìbínú mì. "Rárá, Màmá. Oore yín ló pọ̀ jù."

Ó dìde. Kò sí bó ṣe lè yọ ìyẹ̀fun kúrò lára àwọn tó ní. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó kù bá wúwo dé ìwọ̀n kan náà ńkọ́? Ojú rẹ̀ lọ síbi àwọ̀n tí Gbọ́lágadé apẹja ń tún ṣe, òjé tò sí etí rẹ̀ gbirigbiri.

"Gbọ́lágadé, fún mi lóòjé!"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé gọ́ọ̀fù ti di ẹja ni?"

"Fún mi ná, yẹ̀yẹ́ á tẹ̀ lé e."

Sagbo fi òòlù lu òjé náà títí ó fi tẹ́ bí ewé, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó sì ń fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn irin. Ó gé, ó wọ̀n ọ́n, ó yọ díẹ̀ kúrò, ó tún wọ̀n ọ́n. Ìkeje ni gbogbo wọn ń wò bí àwòkọ́ṣe báyìí. Láàárín iṣẹ́ náà ó pe Akíndé, Akíndé kò gbé e. Ó tún pè é. Kò gbé e. Wọ́n pe ìrun, Màmá sì dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

"Dijú," ni Sagbo sọ fún ọmọ rẹ̀. "Fì wọ́n wò. Sọ èyí tó yàtọ̀ fún mi."

Ó dijú. Ó fì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí fúyẹ́."

Ìkẹfà ni. Sagbo fi òjé díẹ̀ kún un. Ó tún kó wọn fún un, ó da ìtò wọn rú. Ọmọ náà fì, ó fì, ó dúró, ó tún padà sí èyí àkọ́kọ́.

"Wọ́n wúwo, Bàbá mi. Apá á ro mí tó bá fi máa dọ̀sán ọ̀la."

"Mo mọ̀. Èwo ló yàtọ̀?"

Ó tún fì wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Ó lajú, ó gbé irin keje, tí ìwúwo rẹ̀ kò ya ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu mọ́, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù kọjá ìdí àgbọn, ó lọ já síbi tó yẹ kó já sí. Ó tún gbá òmíràn, ìyẹn náà lọ síbẹ̀.

Fèrè ọkọ̀ dún lójú títì. Akíndé kò sọ̀ kalẹ̀.

"Nítorí ọmọ ni mo ṣe wá. Ìwọ, má bá mi sọ̀rọ̀."

Sagbo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn, òjé ṣì dúdú ní ìka rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ ọ́, Akíndé. Ohun tó o gbé wá kò ní àbùkù."

Akíndé wo iwájú. Moyọ̀sọ́lá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé báàgì náà sí búùtù. Ó gbé e lé itan.

"Dìde nílẹ̀," ni Akíndé sọ nígbẹ̀yìn, tó ń ṣáná sí ọkọ̀. "Bí mo bá ti Èkó dé, a máa jọ sọ ọ́."