Wákàtí Méjì fún Tíṣà

“Yọ ọ́,” ni Sísítà Adéyẹyè wí láti ẹnu ọ̀nà.

Lucy, nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́, wo aago ara ògiri. Wákàtí méjì géérégé ni Ọ̀gbẹ́ni Abórìṣàdé, tíṣà láti Máfolúkù, ti lò lórí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Márùn-ún ni dókítà kọ fún un.

“Sísítà, ó ku wákàtí mẹ́ta, mà.”

“Ṣé mo ní kí o bá mi ka aago ni? Olóyè Àjàmú ti dé ìsàlẹ̀. Àbí inú Mẹ̀sídíìsì ni kí wọ́n máa dúró sí nítorí tíṣà?”

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn aládàáni wọn ní Ìsọlọ̀ ní, ẹni mẹ́rin ló sì ń pín in lò lọ́dún 1978 yẹn. Kíndìnrín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, kí ó sì fa omi tó ti kún ara wọn jáde, ikú ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Olóyè Àjàmú, agbaṣẹ́ṣe tí owó epo sọ di ẹni ńlá, ti gbé jẹnẹrétọ̀ tuntun fún ẹni tó ni ilé ìwòsàn, tó sì ra fíríìjì fún Sísítà, wákàtí mẹ́jọ ni òun nìkan ń lò. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí òun lọ́wọ́ ọtí mímu. Ohun tó bá mu lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ á fà á jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn mẹ́ta yòókù ń pín ìyókù.

Omi tó yẹ kó gba wákàtí márùn-ún kó tó kúrò lára tíṣà, Sísítà a yí ẹ̀rọ sókè kó lè jáde láàárín méjì. Ara tíṣà a tutù, òógùn a bò ó, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ a fà, àyà rẹ̀ a sì máa lù kìkì bí ti ẹni tó sáré dé láti Òṣòdì. Ìgbà mọ́kànlélógún ni Lucy ti rí i bẹ́ẹ̀. Ó mọ iye rẹ̀.

“Ẹ ti lu agogo nìyẹn?” ni tíṣà bi í, bí Lucy ti ń yọ abẹ́rẹ́ lápá rẹ̀. “Àwọn ọmọ kíláàsì mi ìbá fẹ́ràn iléèwé yìí.”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ìwọ kọ́ ni ọ̀gá iléèwé.” Ó gbé ọwọ́ lé àyà. “Ibí yìí ló ń dùn mí sá. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé odó lé e.”

Lucy lọ bá Sísítà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó oògùn sí. “Mà, àyà ń dun tíṣà. Ẹ jẹ́ ká sọ fún dókítà.”

Ọjọ́ Ajé nìkan ni dókítà ń wá, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ wò.

“Dókítà á béèrè iye wákàtí tó lò. Kí lo kọ síbẹ̀?”

Márùn-ún ni Lucy ń kọ, bí Sísítà ti pa á láṣẹ láti ọjọ́ kìíní.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Olóyè ń gòkè bọ̀.”

Adéfúnmiláyọ̀, ìyàwó tíṣà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Lará, jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Agolo mílíìkì kékeré kan wà nínú báàgì rẹ̀. Òun ló fi ń wọn omi tí ọkọ rẹ̀ ń mu: agolo mẹ́ta lóòjọ́, kò gbọdọ̀ lé. Láti oṣù kẹfà ni òun àti àwọn ọmọ náà ti ń jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀, kí ojú má baà máa ti baba wọn nídìí oúnjẹ.

“Ó ti tán báyìí?” ó bi Lucy.

“Ẹ̀rọ yára lónìí ni, mà.”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,” ni obìnrin náà wí, ó sì fi ìborùn nu òógùn ojú ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, tí tíṣà tún wà lórí ẹ̀rọ, ó pe orúkọ Lucy lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń pe orúkọ ọmọ iléèwé láàárọ̀, ọkàn rẹ̀ sì dúró. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Baálù kan fò kọjá lórí òrùlé, gbogbo fèrèsé gbọ̀n. Nígbà tó fi máa di agogo kan ọ̀sán, Olóyè Àjàmú ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà ṣí ìwé náà níwájú ẹbí. Adéyínká, ẹ̀gbọ́n tíṣà tó wá láti Adó-Èkìtì, jókòó. Ìyá Lará wà lórí ìdúró nínú aṣọ dúdú. Kò sẹ́ni tó fún un ní àga. Sísítà àti Lucy dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

“Kì í sábà jẹ́ kíndìnrín ló ń pa àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ,” ni dókítà wí. “Ọkàn ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn a máa gan, a le bí ọ̀pá rọ́bà tí oòrùn ti pa, ọkàn a sì máa fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ gbà á kọjá títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni ìyẹn máa ń gbà. Ti tíṣà yìí yá jù.” Ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lójú ìwé. “Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún. Kò pàdánù wákàtí kankan níbí.”

“Ó lè jẹ́ oúnjẹ ilé, sà,” ni Sísítà wí jẹ́jẹ́. “A máa ń kìlọ̀ fún wọn pé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Wọn kì í gbọ́.”

Adéyínká yíjú sí aya àbúrò rẹ̀. “Mo ti sọ fún Màmá kí n tó kúrò nílé pé ọwọ́ rẹ ni ikú yìí ti wá. Kí lo fún un jẹ?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà jẹ ọbẹ̀ mi lóṣù tó kọjá. Ẹ ní ó tẹ́.”

“Ọbẹ̀ àlejò nìyẹn. Mú kọ́kọ́rọ́ yàrá wá. Kó ẹrù àwọn ọmọ jọ, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó pa baba kò ní tọ́ ọmọ.”

Lucy la ẹnu. Sísítà wò ó. Lucy wo ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ gbogbo ìlà náà gún régé, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Lará di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo tọ́jú rẹ̀ jù, ìwọ nìkan ni mo lè bi. Lọ́jọ́bọ̀, ó bẹ̀ mí, ó ní ẹnu òun gbẹ. Mo bó ọsàn kan, mo fún un ní awẹ́ méjì. Méjì péré. Ṣé òun náà ni?”

“Ẹ máa ní sùúrù, mà,” ni Lucy wí.

Obìnrin náà mi orí, ó tú ọwọ́ Lucy sílẹ̀.

“Òun náà ni,” ó wí. “Mo ti mọ̀ pé òun náà ni.”