Iṣu Alárinà

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2022, Àkíbù kó àwọn awọnlẹ̀ wá sí oko wa ní ọ̀nà Lanlate. Wọ́n ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ àárín ebè tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Bàbá bàbá mi ló la igbó ibẹ̀. Bàbá mi kò tíì pé ọdún kan nínú sàréè tí a gbẹ́ fún un lẹ́yìn abà. Àkíbù ní bàbá òun ló yá wa nílẹ̀, òun sì fẹ́ gbà á padà. Bàbá tirẹ̀ náà ti kú.

A lọ bá Lọ́yà Keturah ní Èrúwà. Yàrá méjì ni ọ́fíìsì rẹ̀, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ẹjọ́ ilẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀, ìjà onílé àti ayálégbé, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe.

"Màmá Nàfísàt, ẹ rántí dáadáa o," ó sọ fún ìyá mi. "Ṣé ẹ ti san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn rí?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà, ṣé onílé máa ń sanwó ilé ni?"

"Àgbàdo ńkọ́? Iṣu ńkọ́?"

"Lórí ilẹ̀? Láéláé."

Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú adájọ́, ìyá mi fi Kùránì búra. Agbẹjọ́rò Àkíbù dìde, ó kí i bí ọmọ gidi.

"Màmá, tí iṣu tuntun bá jáde, ta lẹ máa ń gbé e fún?"

"Bàbá Àkíbù."

"Lọ́dọọdún?"

"Lọ́dọọdún ni. Láti ìgbà tó ti kú, ìyàwó rẹ̀ ni mò ń gbé e fún. Ẹjọ́ ò ní kí n má moore."

Mo rí i tí Lọ́yà Keturah di ojú.

"Oore wo nìyẹn, Màmá?"

"Òun ni alárinà wa. Òun ló jẹ́ kí n mọ ọkọ mi. Ọkọ mi ní títí ayé la ó máa dúpẹ́."

"Ṣebí wọ́n ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá? Tiyín ò wá yẹ̀bá títí tó fi kú?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a jáde, Lọ́yà ní, "Màmá, mo bi yín nípa iṣu."

"Ilẹ̀ lẹ bi mí, Lọ́yà. Iṣu yẹn, tìtorí ìgbéyàwó mi ni."

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè jẹ́rìí sí i: Màmá Àkíbù. A gun ọ̀kadà lọ bá a ní Igbó-Ọrà. Kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá ló ti ń sunkún.

"Ìyàwó mi, mo mọ̀. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Àkíbù nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi. Ṣé kí n wá dúró níwájú adájọ́, kí n pe ọmọ mi ní òpùrọ́?"

Ìyá mi kò bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀, a sì padà.

Adájọ́ ní ẹni tó ń gbé iṣu oko fún ìdílé kan lọ́dọọdún, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san, orúkọ yòówù kó pè é. Lọ́yà ní a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìyá mi ní bí wọ́n bá tún bi òun, ohun kan náà lòun máa sọ.

Àkíbù ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n wó abà, katakata sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdí igi kaṣú. A kò mọ ojú sàréè bàbá mi mọ́.