Àwọ̀ Ẹ̀wù Baba Ẹlẹ́ṣin

Kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ tó Mansur Ìyàndá ní gbogbo Ẹdẹ; òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ló ń tà, ọ̀dà ilé, ọ̀dà irin, ọ̀dà pákó, ó sì ti tà á pẹ́ débi pé bí ẹ bá wọ aṣọ tuntun kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọ̀ aṣọ yín ti kù díẹ̀ káàtó kó tó dáhùn ìkíni yín. Wọ́n pè é síbi ìsọmọlórúkọ kan ní ìlú Awo nígbà kan. Ó wo ọmọ, ó wo bàbá ọmọ, ó ní àwọ̀ wọn kò bára mu. Wọn kò pè é mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn ère kéékèèké ló wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di àìsàn. Irin ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ: jagunjagun ayé àtijọ́ lórí ẹṣin, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kùn. Ó ń rà wọ́n láti ìlú òyìnbó lórí fóònù, á sì jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ìrun Àsárì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò tó irun ìpéǹpéjú. Kíkùn nìkan kọ́ o, ìwádìí ni. Ó lè bá òyìnbó kan jà lórí fóònù lọ́sẹ̀ kan gbáko nítorí àwọ̀ ọrùn ẹ̀wù ẹlẹ́ṣin kan tó ti kú kí wọ́n tó bí baba ńlá àwọn méjèèjì. Ibtisam ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ká ní ó ń wo ojú òun bó ṣe ń wo ojú àwọn ère náà ni, ọmọ wọn ì bá ti pé mẹ́wàá.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ẹdẹ tó wà lókè òkun wá kéde pé àwọn fẹ́ ṣe àfihàn ìtàn ìlú nínú gbọ̀ngàn, kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo wá, Mansur mọ̀ pé ọjọ́ òun pé. Agboolé Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ti bí i. Baba ńlá wọn gun ẹṣin lọ sógun, ó sì padà wálé, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ kò rí ṣe. Ẹ̀wù ogun rẹ̀ wà nínú àpótí lọ́dọ̀ Màmá Àwáwù, àbúrò bàbá Mansur, tó jẹ́ àgbà obìnrin ilé náà. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kírun Iléyá tán, Màmá á gbé ẹ̀wù náà jáde, àwọn ọmọdé á fọwọ́ kàn án, àwọn ìyàwó ilé á kúnlẹ̀ fún un. Ààfáà agboolé máa ń kìlọ̀ pé irú ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀sìn mu. Á máa kìlọ̀ títí wọ́n á fi gbé ẹran dé iwájú rẹ̀.

Mansur ní ère ẹlẹ́ṣin ni agboolé àwọn máa mú lọ, kí àwọ̀ rẹ̀ sì pé pérépéré. Ṣùgbọ́n Tawheed, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣe lọ́yà, ti rí ère lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ra tirẹ̀, ó sì ti kùn ún. Ọjọ́ ìpàdé agboolé ló gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Funfun ló kun ẹ̀wù ẹlẹ́ṣin náà látòkè délẹ̀.

"Ìyá wa àgbà ló sọ fún mi kó tó kú," Tawheed ní. "Kíjìpá funfun ni Baba wọ̀. Wọn ò rẹ ẹ́ láró, wọn ò fi nǹkan kan kùn ún."

"Ìyá àgbà tó ń fi orúkọ màlúù pe ọmọ rẹ̀ nígbà yẹn?" Mansur bi í. "Funfun. Ṣé Mẹ́kà ni Baba ń lọ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín bá ti wà lẹ́yìn ènìyàn, ẹ mọ̀ pé kì í mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́. Mansur ní kí Màmá Àwáwù gbé ẹ̀wù náà wá, ó sì tẹ́ ẹ síwájú wọn: pupa tó ti ṣí ni, ó ti dà bí èèpo ẹ̀pà. Ó ní àlàárì ni, pé àlàárì ló máa ń ṣí báyẹn, pé afọ́jú pàápàá á mọ̀ ọ́n. "Ìwọ lọ́yà, ṣebí ẹ̀rí lẹ máa ń bèèrè ní kóòtù. Ẹ̀rí rèé. Gbé Alàájì rẹ kúrò lórí tábìlì."

Tawheed gbé ère rẹ̀ sápò, ojú sì tì í gidi. Ti Mansur ni wọ́n mú. Màmá Àwáwù ń ká ẹ̀wù náà padà. Ìgbà tí Mansur ní òun fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti fi wo àwọ̀ ló tó lanu.

"Ìyàndá, ojú lásán ni kó o fi wò ó. Má tú u o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọ̀ mọ̀ pé òde aṣọ máa ń parọ́. Oòrùn ti jẹ ibẹ̀, ọwọ́ ti pa á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọ̀ tí aṣọ gbé wáyé, inú ìṣẹ́po etí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Mansur jókòó síwájú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú bíléèdì, ó tú ìṣẹ́po náà.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni okùn: okùn ọ̀rá ni, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi rán an, ó tò gbọọrọ. Ó ní ó lè jẹ́ pé wọ́n tún un rán ni. Ó tú u síwájú. Pupa inú rẹ̀ ń dán bí ike tuntun. Ní etí aṣọ gan-an, níbi tí wọ́n ṣẹ́ mọ́ inú, wọ́n tẹ lẹ́tà òyìnbó kéékèèké sí i pé ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é, pé kò ní ṣí bí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

Mansur kà á, ó tún un kà. Aṣọ tí ìyá tó bí i kúnlẹ̀ fún, aṣọ tí wọ́n fi búra nígbà ìjà ilẹ̀, aṣọ tó fi fi Tawheed ṣẹ̀sín níwájú gbogbo ilé, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e wá ni. Wàyí o, ọ̀nà méjì ló wà. Bó bá sọ̀rọ̀, ère Tawheed ló máa lọ sí gbọ̀ngàn, òun tó ti fi òótọ́ àwọ̀ yọ gbogbo ìlú lẹ́nu á sì di ẹni tí àwọn ọmọdé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní nítorí iyì agboolé lòun ṣe máa dákẹ́. Ẹ má dá a lóhùn, iyì ara rẹ̀ ló ń du. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá a lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, Mansur ló lé òótọ́ padà.

Ó mú abẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ rẹ̀ rán ìṣẹ́po náà padà. Nítorí pé Mansur ni Mansur, ó wá jókòó, ó po ọ̀dà títí ó fi rí pupa Jàpáànù náà gẹ́lẹ́, ó sì kun ẹlẹ́ṣin rẹ̀. Inú rẹ̀ tún dùn sí i.

Lọ́jọ́ àfihàn, èrò pé bo ère náà. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé láti ara ojúlówó ẹ̀wù ni wọ́n ti mú àwọ̀ rẹ̀. Mansur dúró tì í nínú agbádá, Màmá Àwáwù sì jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀. Tawheed dé, ó wò ó dáadáa, ó sì yọ ère tirẹ̀ lápò. Kò funfun mọ́, ó ti di pupa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò jẹ́ kí n sùn. Mo ti fọ funfun yẹn kúrò, mo ti tún un kùn kí àwọn ọmọ mi má baà jogún irọ́. Ẹ bá mi wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ pé. Ẹ jẹ́ n kí àwọn kan lọ́hùn-ún, mò ń bọ̀."

Ó fi ère náà lé Mansur lọ́wọ́, ó lọ. Màmá Àwáwù fa agbádá rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ìyàndá, àwọ̀ tó o kùn yẹn mà pé o. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo rà á l'Óṣogbo."

Mansur kò lè yíjú padà.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ lọ́dún náà. Bàbá rẹ ní kí n gbé ẹ̀wù Baba jáde lọ́jọ́ Iléyá, a ò gbé e jáde rí. Mo ṣí àpótí, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Funfun ni, bíi ti Tawheed. Mo wá funfun títí, àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ti rà á tán, ni mo bá ra pupa. Ìyá mi, ìyá àgbà yín, nìkan ló mọ̀. Àwọn tó kù, ẹran ni wọ́n ń wò."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé?"

"Ta lo fún láyè? Ìwọ náà tó o tú u ńkọ́, ṣé o sọ̀rọ̀? Mo rí ibi tó o rán. Ọwọ́ rẹ ò dáa."

Tawheed ti ń padà bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?"

Mansur wo Màmá. Màmá ń wo ilẹ̀. Mansur gbé ère Tawheed sókè síbi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù, ó dijú kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ó kù díẹ̀ kó pupa tó," ó ní.

Tawheed dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun máa fi kún un tóun bá délé.